Ọkọ̀ Agolo

Ọjọ́ Sátidé, ìwàásù la máa ń múra, a kì í kọ ọ̀rọ̀ gígùn síbí. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé wa lọ́sẹ̀ yìí kò kúrò lọ́kàn wa.

Ọmọ ọmọ wa, ọmọ ọdún mẹ́fà, wá lo ọlidé lọ́dọ̀ wa. Ká má purọ́, àwa fúnra wa la gbé fóònù lé e lọ́wọ́. A ń kọ ìwàásù, a ò fẹ́ ariwo. Láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ìgbà tí iná lọ, tí bátìrì sì kú, ẹkún tó sun, ẹ ẹ́ rò pé wọ́n nà án ni.

Mọ́mì yín ní, "Dádì, ẹ wá nǹkan ṣe fún ọmọ yìí o."

A rí agolo sadíìnì òfìfo kan ní kíṣìnnì. Ẹ̀yin àgbà ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ! A gé sílípáàsì tó ti já sí róbótó mẹ́rin, ìyẹn ni táyà. A fi ìṣó lu agolo lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, a ki wáyà bọ̀ ọ́, a so okùn mọ́ iwájú. Bí a ṣe ń ṣe é nílé bàbá wa ní 1979 nìyẹn.

Ọmọ yìí gbà á, ó yẹ abẹ́ ẹ̀ wò. Ó ní, "Bàbá àgbà, níbo ni wọ́n ti ń tàn án?"

Ẹ̀rín pa wá. Ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn ọmọ ilé kejì ti kún ọgbà wa. Wọ́n kó yẹ̀pẹ̀ sínú ọkọ̀, wọ́n ń jà lórí ta ni dẹ́rẹ́bà, ta ni kọndọ́. Táyà kan yọ, àwọn fúnra wọn ló tún un ṣe. Iná dé, kò sẹ́ni tó wọlé.

A fi fídíò ẹ̀ ránṣẹ́ sí bàbá ọmọ náà, àkọ́bí wa. A rò pé á rẹ́rìn-ín ni. Èsì tó fún wa ni pé, "Dádì, mi ò mọ̀ pé ẹ mọ ọkọ̀ agolo ṣe."

Ará, ọ̀rọ̀ yẹn gún wa lọ́kàn. Ọdún 2001 ni GSM dé Nàìjíríà, ọmọ yẹn ti pé ọdún mẹ́jọ nígbà náà. Kì í ṣe fóònù ló gbà wá lọ́wọ́ ẹ̀. Kúrúsédì ni, ìṣọ́ òru ni, ìpàdé ni. Tá a bá dé, a máa ń ra ọkọ̀ oníbátìrì fún un, ká lè ráyè sùn. Ohun tá a fi fóònù ṣe lọ́sẹ̀ yìí, a ti ń ṣe é tipẹ́.

Ìdí tí eré àtijọ́ ò fi kú nìyí: ó ń fẹ́ ẹnì kejì. Ayò ọlọ́pọ́n, ihò 12, ọmọ ayò 48, ẹni méjì ló ń kojú ara wọn. Ẹni tó bá pàdánù nínú òkòtó, ó gbọ́dọ̀ gbé ẹ̀yìn ọwọ́ ẹ̀ kalẹ̀ fún ẹlòmíì kó fi ṣóńṣó ẹ̀ gún un. Mọ́mì yín ní ṣùkù àgbàdo ni wọ́n ń pọ̀n bí ọmọ, ìyá wọn ló sì kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń gbá ọ̀já mú.

A ò ní kẹ́ ẹ ju fóònù nù o. Òun náà la fi ń kọ èyí. Ṣùgbọ́n ẹ ka Sekaráyà 8:5. Nígbà tí Ọlọ́run ń sọ bí ìlú tí Òun tún ṣe yóò ṣe rí, ó dárúkọ àwọn ọmọdé tó ń ṣeré ní ìgboro. Eré ọmọdé kì í ṣe nǹkan kékeré lójú Rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, pàápàá ẹ̀yin òjíṣẹ́ Ọlọ́run ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ọmọ yín lọ́sẹ̀ yìí.

Lọ́la lẹ́yìn ìsìn, àkọ́bí wa ń bọ̀ wá mú ọmọ ẹ̀. Agolo sadíìnì kejì ti wà nílẹ̀. Ó ti di bàbá ọmọ, ṣùgbọ́n a jọ máa ṣe é ni.

Olúwa á bá wa tọ́jú ilé wa. Àmín.