Èló Ni Owó Ìgbánimọ́ra?

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò lónìí lè jọ ẹ̀fẹ̀ létí ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀ wò ó. Iṣẹ́ kan wà ní Amẹ́ríkà, ní Jàpáànù àti ní àwọn ilẹ̀ mìíràn, tí ó jẹ́ pé gbígbá ènìyàn mọ́ra gan-an ni iṣẹ́ náà. Oníbàárà yóò sanwó, oníṣẹ́ yóò sì gbá a mọ́ra, tàbí kí ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, tàbí kí ó jẹ́ kí ó gbé orí lé èjìká òun, títí àkókò tí wọ́n jọ fi àdéhùn sí yóò fi pé. Aṣọ kì í kúrò lára ẹnikẹ́ni, ìbálòpọ̀ kò sì sí nínú rẹ̀. Èmi ń pe irú oníṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní agbánimọ́ra. A fi àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ "a-" kún "gbá ni mọ́ra", gẹ́gẹ́ bí a ti fi í kún "gba ni sí iṣẹ́" kí ó tó di agbanisíṣẹ́.

Ìbéèrè mi ni pé, báwo ni àwọn agbánimọ́ra ṣe ń dá iye lé iṣẹ́ wọn, kí ló sì dé tí iye náà fi ń yàtọ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan sí ẹlòmíràn? Kì í ṣe ọ̀fíntótó lásán ni ó mú mi béèrè. Ìyá mi ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ó sì ń gbé ní Ìdáṣẹn, lágbègbè Ọ̀wọ̀. Kò sí èyíkéyìí nínú àwa ọmọ rẹ̀ mẹ́rin tí ń gbé níbẹ̀ mọ́. Obìnrin kan ni a ń sanwó fún láti máa tọ́jú rẹ̀, owó obìnrin yìí sì dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín wa. Àbúrò mi tí ó wà ní Houston ni ó kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ náà lórí fóònù: "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé àwa náà ti di ẹni tí ń sanwó kí wọ́n tó gbá ìyá wa mọ́ra ni?" Ìbéèrè yẹn ni ó rán mi lọ wádìí.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí gbogbo wa mọ̀. Onídìrí náà ń fi ọwọ́ kan ara oníbàárà fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Kí ni ó ń kà nígbà tí ó bá fẹ́ gbowó? Iṣẹ́ tí ó parí ni ó ń kà. Bí irun bá wẹ́ tín-ín-rín, owó rẹ̀ yóò gun òkè. Bí ó bá tóbi, yóò wálẹ̀. Bí oníbàárà bá mú àtáṣímẹ́ǹtì tirẹ̀ wá, a óò yọ ọ́ kúrò nínú owó. Nígbà tí ọdún bá kù sí dẹ̀dẹ̀, ìbáà jẹ́ Kérésì tàbí ọdún Ìgogo, nígbà tí Ọlọ́wọ̀ fúnra rẹ̀ ń dirun bí obìnrin ní ìrántí Ayaba Ọ̀rọ̀nṣẹn, èrò á pọ̀, owó á sì le sí i. Ṣùgbọ́n ọmọ iṣẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ kò yá, tí ó fi odidi ọjọ́ di orí kan, kò ní torí pé ó pẹ́ gba owó púpọ̀ ju ọ̀gá rẹ̀ lọ. Irun tí oníbàárà yóò wò nínú dígí ni owó náà wà fún.

Ìgbámọ́ra kò ní ohun tí a lè wò nínú dígí. Nígbà tí ó bá parí, kò sí nǹkan kan nílẹ̀ tí a lè nàka sí. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ fi í ṣiṣẹ́ jẹun gbọ́dọ̀ wá nǹkan mìíràn kà. Ọ̀nà méjì ni mo rí tí àwọn ènìyàn gbà.

Ọ̀nà kìíní ni pé kí a ka ìfọwọ́kàn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ọdún 2012, wọ́n ṣí ilé kan tí ń jẹ́ Soineya ní Akihabara, ní ìlú Tokyo. Nígbà náà, ẹni tí ó bá fẹ́ sùn ti ẹnì kan fún ìṣẹ́jú 20 máa ń san 3,000 yẹ́ẹ̀nì; ẹni tí ó bá fẹ́ wákàtí 10 máa ń san 50,000. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Bí a bá fi ti ìṣẹ́jú 20 ṣe òṣùwọ̀n, wákàtí kan ìbá jẹ́ 9,000. Ẹni tí ó gba wákàtí 10 ń san 5,000 péré fún wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro: ẹni tí ó ra agbọ̀n tòmátì kan kì í san iye tí ẹni tí ó ra abọ́ kékeré ń san. Oníbàárà tuntun kọ̀ọ̀kan ni a óò kí, tí a óò ṣàlàyé òfin fún, tí a óò pààrọ̀ aṣọ ibùsùn dè. Oníbàárà kan tí ó pẹ́ ń gbani lọ́wọ́ gbogbo wàhálà yẹn. Ṣùgbọ́n ohun tí ó yà mí lẹ́nu ni àwọn àfikún. Bí oníbàárà bá fẹ́ kí àwọn méjèèjì máa wo ojú ara wọn fún ìṣẹ́jú kan, 1,000 yẹ́ẹ̀nì ni wọ́n ń gbà nígbà náà. Bí ó bá fẹ́ gbé orí lé itan oníṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, 1,000 mìíràn ni.

Ọ̀nà kejì ni ti àwọn ará Amẹ́ríkà, àkókò nìkan ni wọ́n ń kà. Ní 2004, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í pé jọ ní New York fún àpèjẹ ìgbámọ́ra tí wọ́n pè ní Cuddle Party. Nígbà tí ó di 2012, Jacqueline Samuel ṣí ilé iṣẹ́ tirẹ̀ lágbègbè Rochester, ó sì ń gba 60 dọ́là fún wákàtí kan. Ní 2013, Samantha Hess bẹ̀rẹ̀ ní Portland, dọ́là kan fún ìṣẹ́jú kan, èyí tí í ṣe 60 dọ́là bákan náà. Ọdún yẹn kan náà ni ilé kan ṣí ní Madison, ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, iye kan náà ni wọ́n sì dá lé e. Ṣùgbọ́n kò pé oṣù kan tí wọ́n fi tì í, nítorí àwọn aláṣẹ ìlú ń fura pé iṣẹ́ aṣẹ́wó ni ó fara pamọ́ síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹgbẹ́ Cuddlist dé, tí ó ń kọ́ àwọn agbánimọ́ra níṣẹ́, tí iye tirẹ̀ sì jẹ́ 80 dọ́là nígbà náà.

Kí ló fa ìyàtọ̀ láàárín 60 àti 80, àti gbogbo iye tí ó wà lókè rẹ̀? Ohun àkọ́kọ́ ni pé wákàtí kan tí oníbàárà rí kì í ṣe wákàtí kan lọ́wọ́ oníṣẹ́. Ó ti bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù ṣáájú, kí ó lè mọ irú ẹni tí ó ń bọ̀. Àwọn méjèèjì ti jọ ṣàdéhùn lórí ohun tí ó tọ́ àti èyí tí kò tọ́. Aṣọ ibùsùn wà láti fọ̀. Bí ó bá ní yàrá tirẹ̀, owó ilé wà níbẹ̀, owó ilé ìlú ńlá kò sì dọ́gba pẹ̀lú ti ìlú kékeré. Bí ó bá jẹ́ pé ilé oníbàárà ni ó ń lọ, owó ọkọ̀ àti ewu ọ̀nà wọ inú rẹ̀. Ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ yóò fẹ́ gba owó ẹ̀kọ́ rẹ̀ padà. Bí alágbàtà bá wà láàárín, yóò mú tirẹ̀ kí èyí tí ó kù tó dé ọwọ́ oníṣẹ́. Àwọn kan sì máa ń dín owó kù fún ẹni tí kò ní lọ́wọ́.

Ẹ ṣàkíyèsí pé kò sí ìkankan nínú wọn tí ó sọ pé, "Bí mo bá di ọwọ́ rẹ mú, iye báyìí, bí mo bá gbá ọ mọ́ àyà, iye báyìí." Ọgbọ́n ńlá ni mo ka èyí sí. Lábẹ́ òfin iṣẹ́ náà, oníbàárà lè béèrè ohun tí ó fẹ́, oníṣẹ́ sì lè kọ̀, owó kò sì ní tìtorí ìyẹn yí padà. Ṣùgbọ́n bí gbogbo ìfọwọ́kàn bá ti ní iye lórí, kíkọ̀ yóò di ìdúnàádúrà. Oníbàárà yóò rò pé bóyá owó òun ni kò tó, yóò sì fi kún un. Àkókò tí wọ́n ń kà ni ó jẹ́ kí ara oníṣẹ́ ṣì jẹ́ tirẹ̀.

Èdè wa ti mọ èyí tipẹ́. Kò sí ẹni tí í sọ pé òun "ra irun dídì". "Owó irun" ni a ń san, bí a ti ń san owó ọkọ̀ àti owó iṣẹ́. Ohun tí a rà ti di tiwa, a lè gbé e lọ, a lè tún un tà. Ẹni tí a san owó iṣẹ́ fún kò di tiwa. Ẹ tún wo ọwọ́, owó àti ọ̀wọ̀. Létí ẹni tí ń kọ́ Yorùbá, wọ́n jọra. Àṣìpè díẹ̀ ni ó lè sọ ọ̀kan di èkejì. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbọ́ èdè mọ̀ pé a kò gbọdọ̀ fi ọ̀kan pe èkejì. Ìlú tí ìtàn sọ pé láti ara ọ̀wọ̀ ni ó ti gba orúkọ rẹ̀ ni ìyá mi ń gbé ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí n padà sí Ìdáṣẹn. Ìyá Ìbejì ni a ń pe obìnrin tí ń tọ́jú ìyá mi. Láti Ọ̀wọ̀ ni ó ti ń gun ọ̀kadà wá ní àárọ̀ márùn-ún láàárín ọ̀sẹ̀. Ó ń wẹ̀ fún un, ó ń fún un lẹ́kọ mu, ó ń fi òrí ra orúnkún rẹ̀. 45,000 náírà ni ó béèrè lóṣù. Àbúrò mi wá gbọ́ pé 30,000 ni ó ń gbà ní ilé kejì tí ó ti ń tọ́jú bàbá àgbàlagbà kan. Ó ní iṣẹ́ kan náà ni, kí ló dé tí owó kò fi dọ́gba?

Mo bi Ìyá Ìbejì léèrè, kò sì bínú. Ó ní ilé bàbá yẹn kò jìnnà sí ilé òun, ẹsẹ̀ ni òun fi ń rìn dé ibẹ̀. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo kúrò ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, owó ọ̀kadà kò ṣe é fojú kéré mọ́. Ó ní ọmọbìnrin méjì wà nílé bàbá tí ń bá òun gbé e dìde, òun nìkan ni òun sì ń gbé Màmá. Ó ní wákàtí kan ni òun ń lò níbẹ̀. Ọ̀sán máa ń pọ́n kí òun tó kúrò ní Ìdáṣẹn, nítorí ojú Màmá kò ríran dáadáa mọ́, òun kò sì lè fi í sílẹ̀ kí ó tó sùn.

Ohun kan wà tí kò kà mọ́ ọn. Lẹ́yìn oúnjẹ, ìyá mi máa ń di ọwọ́ rẹ̀ mú, obìnrin yìí á sì jókòó tì í láìyọ ọwọ́, títí oorun yóò fi gbé e lọ. Mo bi í pé èló ni ti ìyẹn. Ó rẹ́rìn-ín. "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ìyẹn kò sí nínú iṣẹ́. Bí ẹ bá fi owó lé e, èmi náà á bẹ̀rẹ̀ sí í kà á."

Àbúrò mi gbọ́ èyí, ó ní ọ̀rọ̀ ti yanjú nìyẹn: bí kò bá sí nínú iṣẹ́, kí a san owó wíwẹ̀ àti oúnjẹ nìkan, 30,000. Ibẹ̀ ni èmi àti rẹ̀ kò ti fohùn ṣọ̀kan. Báyìí gan-an ni àwọn ènìyàn ṣe ń jẹ iṣẹ́ olùtọ́jú mọ́lẹ̀. Nítorí pé ìfẹ́ kò ní iye, wọ́n á fẹ́ gbà á lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n á sì tún fi ṣe ẹ̀rí pé kò yẹ kí owó pọ̀. Bí a bá san owó wákàtí kan fún Ìyá Ìbejì, wákàtí kan ni yóò lò; yóò sáré lọ sí ilé mìíràn kí ó lè rí owó oúnjẹ àwọn ọmọ rẹ̀, ìyá mi yóò sì na ọwọ́ sí àga òfìfo. Ìdímọ́wọ́ náà kò ní iye, ṣùgbọ́n àkókò tí ó fi ń ṣẹlẹ̀ ní iye, owó àkókò yẹn ni ó sì yẹ kí a san pé.

Ohun tí a ṣe ni pé a fi 45,000 sílẹ̀ bí ó ti wà, a sì ya owó ọ̀kadà sọ́tọ̀, kí ó má baà jẹ́ pé bí epo bá gbówó lórí, inú owó iṣẹ́ rẹ̀ ni yóò ti máa yọ ọ́. Kì í ṣe owó ńlá. Láti oṣù Keje ọdún 2024 ni òfin ti sọ pé owó oṣù òṣìṣẹ́ tí ó kéré jù ní Nàìjíríà jẹ́ 70,000. Àwọn àgbà ní bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Òwe náà kò sọ ohun tí òkété yóò ṣe nígbà tí ọmọ rẹ̀ bá wà ní Houston tàbí nínú kíláàsì ní yunifásítì. Nínú irú ipò bẹ́ẹ̀, ẹni tí a san owó iṣẹ́ fún ni yóò dúró níbẹ̀ fún wa, ó sì yẹ kí owó rẹ̀ ní ọ̀wọ̀ nínú.

Àbúrò mi kò tíì gbà pé mo jàre. Ó ṣì ń sọ pé owó ti pọ̀ jù, ṣùgbọ́n ó ń fi ìpín tirẹ̀ ránṣẹ́ lóṣooṣù.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, iṣẹ́ kékeré kan rèé kí n tó dákẹ́. A ní gbá mọ́ra, dì mọ́, rọ̀ mọ́ àti fara mọ́. Èyí tí ó gbẹ̀yìn yìí ti rìn jìnnà: ẹni tí ó bá fara mọ́ ọ̀rọ̀ kan ti gbà á, bí ara kò tilẹ̀ kan ara. Ẹ bi àwọn àgbà ilé yín léèrè, ẹ gbọ́ èyí tí wọ́n ń lò fún ọmọ ọwọ́, èyí tí wọ́n ń lò fún arúgbó, àti èyí tí wọn kò jẹ́ lò fún àlejò. Ó dìgbà kan ná.