ỌGBÀ INÚ ÀPÒ ÌRẸSÌ! FÀÁJÌ ÀWỌN AYÁLÉGBÉ AJAH

Ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹni tó bá wọ dáńfó ní Obalende, tó ní Ajah lòun ń lọ, kó má sùn lójú ọ̀nà o! Ohun tó wà níbẹ̀ ju ilé alájà àti sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ọkọ̀ lọ. Bí ọkọ̀ bá ti kọjá Sandfill báyìí, ilẹ̀ tóóró ni èèyàn wà lórí rẹ̀ yẹn. Ọ̀sà wà lápá òsì, òkun wà lápá ọ̀tún. Yanrìn ni ilẹ̀ ọ̀hún. Ibi tí kì í bá ṣe yanrìn, àbàtà ni kí wọ́n tó kó yanrìn dà sí i.

Lórí yanrìn yìí, òdòdó ni ojú máa ń rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Àwọn onífúláwà to igi wẹ́wẹ́ sínú ọ̀rá dúdú lọ súà: ixora, hibiscus, oríṣiríṣi ọ̀pẹ òyìnbó, àti igi gíga tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní masquerade, nítorí pé ewé bò ó láti òkè délẹ̀ bí agọ̀ ṣe ń bo egúngún. Àwọn tó ń kọ́lé sínú ẹ́sítéètì ló ń rà wọ́n. Onífúláwà kò ní ilẹ̀ níbẹ̀, etí títì ló ń lò. Bí wọ́n bá ní kó dìde lónìí, yóò kó ọ̀rá rẹ̀ sínú ọkọ̀ ẹrù, yóò wá ibòmíràn tẹ̀dó sí. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ọ̀rá dúdú yẹn sọ́kàn, ó ń bọ̀ wá wúlò níwájú.

Lápá ọ̀tún, ní òdìkejì ọ́fíìsì Chevron, igbó kan ṣì wà níbẹ̀ tí ẹnì kankan kò tíì kọ́lé sí. Àjọ Nigerian Conservation Foundation, tí Olóyè S. L. Edu dá sílẹ̀ ní 1980, ló ń tọ́jú rẹ̀ láti 1990. Hẹ́kítà 78 ni. Ọ̀bọ ń fò káàkiri níbẹ̀, afárá kan sì wà tí wọ́n so sókè láàárín igi, mítà 401 ni gígùn rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí Lekki ṣe rí kí ilé tó dé, ibẹ̀ ni kó yà sí. Àmọ́ kó mú owó ìwọlé dání.

Ajah kò fara jọ ẹ́sítéètì rárá. Abẹ́ afárá ni ariwo ti ń bẹ̀rẹ̀. Agbèrò ń pe Ṣàngótẹ̀dó, ó ń pe Ẹ̀pẹ́, aláta ń pe oníbàárà, onígààrí ń bú ẹni tó tẹ gààrí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń bá olówó Lekki ṣiṣẹ́, ibí ni wọ́n ń sùn: awakọ̀, bíríkìlà, káfíńtà, télọ̀, olóúnjẹ. Láti ibẹ̀ ni ọ̀nà Badore ti yà, tó lọ já sí etí ọ̀sà níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń kó èrò lọ sí apá Ìkòròdú.

Ní àdúgbò kan tó yà kúrò lọ́nà Badore yìí, ilé kan wà tó jẹ́ kọjú-sí-mi-kí-n-kọjú-sí-ọ, yàrá mẹ́wàá, balùwẹ̀ méjì. Igi fúrúùtù kan ló wà lágbàlá, òun ni gbogbo ilé fi ń ṣe pálọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, tí ìyá aláta bá ti tọjà dé, tí télọ̀ bá ti bo máṣíìnì rẹ̀, tí káfíńtà sì ti wẹ eruku pákó kúrò lára, abẹ́ igi yìí ni wọ́n ń kórí jọ sí. Ọ̀rọ̀ ìṣèlú kì í pẹ́ tán lẹ́nu wọn. Ọ̀rọ̀ ewúro ni kì í tán.

Ẹ yíjú sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Àpò ìrẹsì 16 ló tò síbẹ̀ bí ọmọ iléèwé tó ń dúró de tíṣà. Tẹ̀tẹ̀ wà nínú ọ̀kan, ewédú wà nínú òmíràn, ata wà nínú bókẹ́ẹ̀tì ọ̀dà, efinrin wà nínú kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n gé lórí, gbúre sì ti fẹ́ẹ̀ bo táyà kan mọ́lẹ̀ tán. Ti télọ̀ ló pọ̀ jù nínú wọn.

“Ìyá, ẹ bá mi wo ewédú mi, ewé rẹ̀ ń pọ́n,” télọ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀.

“Omi bọ́hóòlù yìí náà ni o,” ìyá aláta dá a lóhùn. “Ṣé mi ò ti sọ fún ẹ pé kí o máa pọn ọ́n sílẹ̀ di ọjọ́ kejì? Ìwọ kì í gbọ́rọ̀.”

Ẹni tó bá ti gbé Ajah rí mọ omi tí ìyá ń wí. Bó bá jáde lẹ́nu ẹ̀rọ, á mọ́ bí omi gidi. Bó bá pẹ́ díẹ̀ nínú garawa, á di pupa bíi tíì, aṣọ funfun kò gbọdọ̀ kan án. Irin ló wà nínú ilẹ̀ tó ń bá omi jáde. Bí ó bá sùn mọ́jú, irin yẹn á rọ̀ sí ìdí garawa, wọn á wá rọra bu ti òkè. Ní àwọn ibi tó sún mọ́ òkun, iyọ̀ náà tún ń bẹ nínú omi, ìyẹn sì burú ju irin lọ fún ohun ọ̀gbìn. Ìdí nìyí tí ìyá aláta fi máa ń gbé gbogbo ike tó ní sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ bí òjò bá ti ṣú. Àgbọn nìkan ni kò bìkítà fún iyọ̀, ìyẹn ló ṣe jẹ́ òun ló kún etí òkun.

Yanrìn fúnra rẹ̀ ni ìṣòro kejì. Kì í di omi mú, kì í sì í di oúnjẹ mú. Ẹ da garawa omi kan sí i báyìí, kí ẹ tó ká ọwọ́ kúrò, ó ti lọ. Nítorí náà, ìyá aláta kọ́ gbogbo ilé bí wọ́n ṣe ń po ilẹ̀ tiwọn: ìyẹ̀pẹ̀ dúdú ìwọ̀n méjì, ìgbẹ́ adìyẹ ìwọ̀n kan. Ìgbẹ́ adìyẹ náà kò gbọdọ̀ jẹ́ tuntun o! Wọ́n á wọ́n omi sí i, wọ́n á bò ó, ó di lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí òórùn rẹ̀ bá ti rọlẹ̀ kí wọ́n tó lò ó. Tuntun á jó gbòǹgbò ni. Wọ́n á wá fi ìṣó dá ihò sí ìdí àpò kí omi lè rí ọ̀nà jáde, wọ́n á sì gbé àpò ka orí búlọ́ọ̀kù.

Búlọ́ọ̀kù yẹn kì í ṣe fún ẹ̀ṣọ́. Ní oṣù Keje 2017, òjò kan rọ̀ tó sọ Lekki di odò, tí àwọn èèyàn fi ọkọ̀ ojú omi wọlé wọn. Bí wọ́n ṣe ń kó yanrìn dí àbàtà, omi kò rí ibi tí yóò dúró sí mọ́, ojúlé èèyàn ló ń wá. Omi tó bá wọ àpò ẹ̀fọ́ fún ọjọ́ méjì, ẹ̀fọ́ ti jẹrà nìyẹn.

Bí gbogbo ètò yìí bá pé, tẹ̀tẹ̀ á tó gé láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, ewédú á gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Ewúro kò tilẹ̀ fẹ́ wàhálà, kí èèyàn gé igi rẹ̀, kó rì í mọ́lẹ̀, ó parí.

Káfíńtà kò gbà pé ó parí. Ọjọ́ tí wọ́n ń wí yìí, ó fẹ̀yìn ti igi fúrúùtù, ó ní, “Ẹ̀yin Àǹtí Télọ̀, kí lẹ ń wá tí ẹ ń ru omi kiri pẹ̀lú ẹ̀yìn tó ń dùn yín? Ṣé wọn kì í ta ẹ̀fọ́ ní ọjà Ajah ni?”

“Bọ̀dá Káfíńtà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ta ayò láti àárọ̀ Sọ́ńdè títí ilẹ̀ á fi ṣú, èló ni wọ́n ń san fún yín níbẹ̀?”

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Télọ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó ní láti Mọ́ńdè dé Sátidé, aṣọ oníaṣọ lòun ń rán, ẹni tí kò bá sọ pé ó fún á sọ pé ó ṣò. Ewédú kì í bá òun ṣàròyé. Fàájì òun nìyẹn, kò sì ná òun ní owó bíà.

Ẹni tó bá wọ ilé yìí yóò tún béèrè ohun kan: kí ló dé tó fi jẹ́ inú àpò, nígbà tí ilẹ̀ gbàlasa wà lẹ́yìn balùwẹ̀? Onílé ni kò fẹ́. Ó ní ẹ̀fọ́ kò burú, ṣùgbọ́n igi, òun ò fẹ́ rí i.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ìkà lásán, ó ní gbòǹgbò. Láyé àtijọ́ nílẹ̀ Yorùbá, àlejò tó bá gba ilẹ̀ dáko á máa san ìṣákọ́lẹ̀ fún onílẹ̀. Wọ́n á gbà á láàyè kó gbin àgbàdo, kó gbin iṣu àti ẹ̀gẹ́. Ṣùgbọ́n kòkó, obì àti ọ̀pẹ, kò gbọdọ̀ gbìn ín láìgbàṣẹ. Iṣu á tán lóko, igi á dúró. Ẹni tó gbin igi lónìí, ọmọ rẹ̀ lè dìde lọ́la pé ilẹ̀ bàbá òun ni, ẹ sì wo ẹni tó gbin igi ibẹ̀! Ní Lekki yìí wá ńkọ́, níbi tí ilẹ̀ ti di góòlù? Èbúté ńlá Lekki ṣí ní 2023, ilé iṣẹ́ ìfọpo Dangote tẹ̀ lé e lọ́dún náà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà etí òkun tó ń lọ sí Calabar ní 2024. Onílé wo ni kò ní máa fura sí igi?

Àmọ́ télọ̀ ti dá a. Kóró ìbẹ́pẹ kan péré ló rì sẹ́yìn balùwẹ̀, ó ní òun kàn fẹ́ wò ó ni. Kò pé ọdún méjì, ìbẹ́pẹ ti ga ju ògiri lọ, ó ń so bí ẹni tí wọ́n ṣépè fún. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà tí onílé fi fowó lé owó ilé. Apá télọ̀ kò ká a. Ó ti rí yàrá lápá Ṣàngótẹ̀dó, ìparí oṣù ló ń kó lọ. Àpò rẹ̀ á bá a lọ, ṣùgbọ́n ìbẹ́pẹ ńkọ́?

“Ẹ bẹ́ ẹ lulẹ̀!” káfíńtà wí. “Mo ní ayùn nílé. Kí onílé lọ gbin tiẹ̀.”

“Èèwọ̀ ni!” Ìyá aláta ti dìde lórí àpótí. “Igi tó ń so lọ́wọ́? Ìwọ káfíńtà, o ò rí igi tí wọ́n wó rí ni.”

Ni ìyá bá fa ọ̀rọ̀ Maroko yọ. Àwọn ọ̀dọ́ tó wà níbẹ̀ kò mọ̀ pé wọ́n ti kọjá lórí Maroko lọ́jọ́ náà gan-an nínú dáńfó. Ọjọ́ 14 oṣù Keje, 1990, ìjọba ológun Raji Rasaki kó katapílà wọ ibẹ̀. Àwọn tí wọ́n lé jáde, wọ́n fojú bù ú sí 300,000 èèyàn. Díẹ̀ nínú wọn rí yàrá ní ilé ìjọba ní Ìlàsàn àti Ìkọtà, ọ̀pọ̀ kò rí nǹkan kan. Ilé ńláńlá ló wà níbẹ̀ báyìí. Ìyá aláta ti wà nílé ọkọ ní Maroko nígbà yẹn. Igi àgbọn mẹ́ta ni bàbá ọkọ rẹ̀ gbìn sẹ́yìn ilé.

“Ilé, a mọ̀ pé a ó tún háyà òmíràn,” ó ní. “Àgbọn bàbá, níbo ni mo ti fẹ́ rí i? Ó ń so lọ́jọ́ tí wọ́n wó o. Àwọn ọmọ ń ṣa àgbọn láàárín bíríkì.”

Ẹ wo bí ọjọ́ ṣe máa ń ṣe, ẹ̀yin èèyàn. Láti ayé Gómìnà Fáṣọlá, ọjọ́ 14 oṣù Keje yìí kan náà ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fi ṣe ọjọ́ igi gbígbìn lọ́dọọdún. Bí ẹnikẹ́ni bá rántí Maroko nígbà tí wọ́n ń mú ọjọ́, kò hàn lára rẹ̀.

Láti ìgbà Maroko, ìyá aláta kì í gbin ohun tí kò lè gbé. Òun ló kọ́kọ́ mú àpò wọ ilé yẹn, lẹ́yìn tó ti rí ohun tí àwọn onífúláwà etí títì ń ṣe pẹ̀lú ọ̀rá dúdú.

Ìyá fúnra rẹ̀ ló bá télọ̀ lọ sọ́dọ̀ onílé. Wọn ò bá a jà. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n ní ìbẹ́pẹ wà níbẹ̀, kó má bínú, ṣùgbọ́n kí ẹni tó gbìn ín jẹ nínú rẹ̀ kó tó lọ. Onílé kọ́kọ́ ní òun kò rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́ igi. Nígbà tó yá, ó ní kó ká èyí tó gbó, kó fi ìyókù àti igi sílẹ̀. Ó tilẹ̀ béèrè bóyá ìbẹ́pẹ náà dùn. Mẹ́sàn-án ni télọ̀ ká. Ó pín in fún gbogbo yàrá, ó sì sá kóró rẹ̀ sórí bébà.

Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ ẹrù dé, bẹ́ẹ̀dì ló kọ́kọ́ wọlé, lẹ́yìn náà máṣíìnì. Bí awakọ̀ ṣe rí i tí àwọn ọmọ ń gbé àpò tẹ̀tẹ̀ bọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sọ̀ kalẹ̀.

“Màdáámù, ẹrù lẹ pè mí fún, ẹ ò sọ pé igbó ni. Ẹ máa fowó kún un o.”

Wọ́n dúnàádúrà títí. Ìdì ewúro méjì àti ìbẹ́pẹ kan ló fi gbà. Télọ̀ jókòó síwájú pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì efinrin lórí itan. Gbúre inú táyà kò rí àyè nínú ọkọ̀. Káfíńtà ń yí i lọ sí iwájú yàrá tirẹ̀, ó ń béèrè lọ́wọ́ ìyá aláta bóyá ọjọ́ méjì-méjì ni wọ́n ń bomi rin ín tàbí ojoojúmọ́.