Ẹ̀RỌ ÌLỌTA TÍ MO RÀ, ÀTI OHUN TÍ MO FI SÍLẸ̀ LÁÌ RÀ

   

Lọ́dọọdún, ọ̀rọ̀ ìrun, ààwẹ̀ tàbí ìtàn àwọn ẹni ìṣáájú ni mo máa ń kọ sínú ìwé yìí. Lọ́dún yìí, mo bẹ àwọn tó ń ṣètò rẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí n kọ nípa ẹ̀rọ ìlọta. Ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin òbí ti bi mí léèrè bí mo ṣe ra ẹ̀rọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé mi ní Àgbàdo níhìn-ín, iye tí mo rà á, àti irú èyí tó dára. Ìdáhùn tí mo máa ń fún yín lójú ọ̀nà kì í pé, nítorí pé ibì kan wà nínú ọ̀rọ̀ náà tí ojú máa ń tì mí láti sọ. N ó sọ ọ́ níhìn-ín.

Ní nǹkan bí ọdún 1992, nígbà tí mo ń gbé lọ́dọ̀ ààfáà tó kọ́ mi ní kéwú, ọlọ òkúta ni a fi ń lọ ata nínú ilé, àwa ọmọ kéwú ni a sì ń lọ̀ ọ́. Bí a bá lọ ata tán tí a wá gbé wàláà, ata yóò máa ta wá lọ́wọ́. Ẹni tó bá gbàgbé tó fi ọwọ́ náà nu ojú, ẹkún ló dé yẹn. Ti àgbàdo gbígbẹ àti èlùbọ́, a óò rù ú lọ sí ibi ẹ̀rọ ńlá kan tó ń lu bí ìlù láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Lister ni orúkọ ẹ́ńjìnnì náà. Ìlú Dursley ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ń ṣe irú rẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 1930, kí àwọn ará Rajkot ní ilẹ̀ Íńdíà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú rẹ̀ pẹ̀lú. Ọmọdé ni mí nígbà náà, ṣùgbọ́n mo ti sọ lọ́kàn ara mi pé bí Ọlọ́hun bá bùn mí, n ó ní ẹ̀rọ tèmi.

Iṣẹ́ kéwú ní ọlá, àmọ́ kì í ṣe ìgbà gbogbo ni ó ń kún ìkòkò. Ní ọdún 2022, èmi àti ìyá àwọn ọmọ mi kó owó àjọ wa pọ̀, a ní ká kọ́ àtíbàbà kan sí ẹ̀gbẹ́ ilé, ká fi ẹ̀rọ sí i. Iyán kì í bá ẹ̀rọ lọ ní Èkìtì, ṣùgbọ́n ọbẹ̀ tí a óò fi jẹ ẹ́ ń bá a lọ. Yàtọ̀ sí èyí, ìlú tó ń jẹ́ Àgbàdo kò yẹ kó máa wá ibi tí yóò ti lọ àgbàdo!

Mo tọ àgbà mẹkáníìkì kan lọ. Èrò mi ni pé kó sọ orúkọ ẹ̀rọ tó dára fún mi. Ó wò mí, ó ní, "Ààfáà, kí lẹ fẹ́ máa lọ̀?" Mo ní gbogbo nǹkan ni. Ó ní ibẹ̀ ni àṣìṣe ti ń bẹ̀rẹ̀. Ata, ẹ̀wà àti ọ̀gì jẹ́ ohun tútù. Àgbàdo àti èlùbọ́ jẹ́ ohun gbígbẹ. Ẹni tó bá fi ẹ̀rọ kan ṣoṣo lọ méjèèjì, àmàlà àwọn oníbàárà rẹ̀ yóò máa ta lẹ́nu. Ó gbà mí nímọ̀ràn pé kí n ra ọlọ méjì, kí n tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí ẹ́ńjìnnì kan máa yí wọn, kí n kàn máa sún bẹ́líìtì láti ara ọ̀kan sí èkejì. Bẹ́ẹ̀ ni mo sì ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ọlọ onírin ṣe ń ṣiṣẹ́ fún ẹ̀yin ọmọ wa. Ó ní ẹnu tó dà bí àrọ lókè. Ohun tí a bá dà síbẹ̀ yóò bọ́ sórí irin kan tó lọ́ bí skúrù, irin yìí ni yóò sì tì í lọ sáàárín awo irin méjì tí ojú wọn rí ṣágiṣàgi. Ọ̀kan nínú awo náà dúró, èkejì ń yí. Ọwọ́ kan wà tí a fi ń fún wọn pọ̀ tàbí tí a fi ń tú wọn ká: bí a bá fún un, ohun tí à ń lọ̀ yóò kúnná, bí a bá tú u, yóò rí wóróbo.

Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà á, ẹ má ṣe wo ọ̀dà ara rẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ yí i, kí ẹ wò ó bóyá irin àárín rẹ̀ ń mì. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe ohun tí àgbà yẹn kọ́ mi: ẹ fi ṣọ́ọ̀kì kun ojú awo kan, ẹ fún méjèèjì pọ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ yí i lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì tú u wò. Bí ṣọ́ọ̀kì bá ràn mọ́ awo kejì yíká, ó dára. Bí ó bá ràn mọ́ ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, awo náà kò dọ́gba. Ṣọ́ọ̀kì tí mo fi ń kọ álífù fún àwọn ọmọ ni mo fi sápò lọ sí Àkúrẹ́. Ẹni tó ń tà á rẹ́rìn-ín títí, ṣùgbọ́n ọlọ kẹta tí a yẹ̀ wò ni mo tó rà. Èkíní àti èkejì kò dọ́gba.

Ẹ́ńjìnnì ni ó kàn. Oríṣi mẹ́ta ni ó wà níwájú mi. Èkíní ni mọ́tò oníná mànàmáná. Òun ni kì í pariwo, tí kì í sì í rú èéfín, ṣùgbọ́n ó fẹ́ iná tí kì í lọ. Bí iná bá sì wá tí kò gbé dáadáa, mọ́tò tó ń tiraka láti yí yóò máa gbóná títí wáyà inú rẹ̀ yóò fi jóná. Èkejì ni oní-dísẹ́ẹ̀lì irú ti Lister. Ó ń pẹ́ láyé, kì í sáré, nǹkan bí ìgbà 650 ni ó ń yí ní ìṣẹ́jú kan, àmọ́ ó wúwo, owó rẹ̀ sì ju agbára mi lọ. Ẹ̀kẹta ni kékeré oní-bẹntiróòlù, tí agbára rẹ̀ tó ti ẹṣin mẹ́fà ààbọ̀. Èyí ni mo rà. Ní ọdún náà, epo kò tíì wọ́n báyìí. Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún, ọdún 2023, lítà epo tí kò tó igba náírà di nǹkan bí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ọgbọ́n tó kù fún mi ni pé kí n yan àkókò tí n ó máa tan ẹ́ńjìnnì, kí àwọn oníbàárà lè máa wá pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ rà lónìí, iye epo tí yóò máa jó lójúmọ́ ni kí ó kọ́kọ́ ṣírò, kí ó tó bèèrè iye tí wọ́n ń ta ẹ̀rọ.

Ìṣirò kan tún wà tí mo kọ́ pẹ̀lú ìyà. Ẹ́ńjìnnì tèmi ń yí ní ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan bí a bá fi epo sí i níwọ̀n, ọlọ sì fẹ́ nǹkan bí 600. Púlì méjì tí bẹ́líìtì ń gùn ni ó ń ṣe àtúnṣe èyí. Mo kọ́kọ́ fi púlì oní-íńṣì 5 sí ara ẹ́ńjìnnì, mo fi oní-íńṣì 10 sí ara ọlọ. Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ ṣírò rẹ̀: 3,000 lọ́nà 5, kí a pín in sí 10, ó di 1,500. Ìyẹ̀fun ń jáde gbígbóná bí ẹni pé orí iná ló ti ń bọ̀, ó sì ń rùn bí ohun tó jóná. Nígbà tí mo pààrọ̀ wọn sí íńṣì 3 àti íńṣì 15, ó di 600, ara tu gbogbo wa.

Mo ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀ dáadáa pẹ̀lú. A da kọnkéré, a ri bóòtù mọ́ ọn nígbà tó ṣì tutù, kí ẹ̀rọ má baà máa rìn. Mo fa páìpù èéfín gba ẹ̀yìn àtíbàbà jáde, nítorí pé nínú èéfín ẹ́ńjìnnì ni ohun kan wà tí kò ní àwọ̀, tí kò ní òórùn, tó sì ń pa ènìyàn nínú yàrá tí a tì pa. Mo ra irin òòfà tí n ó máa fi wo ìyẹ̀fun. Mo sì fún ẹni kan lówó pé kó kọ pátákó fún mi, ní lẹ́tà Yorùbá àti ti Lárúbáwá, ó sì kọ ọ́ tó rẹwà.

Ohun kan ṣoṣo ni ó kù, ìyẹn àgò onírin tí a fi ń bo bẹ́líìtì àti púlì. Wẹ́dà ti wá wọ̀n ọ́n, ó ti dá owó lé e. Mo ní kó ṣe sùúrù di oṣù tó ń bọ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kan ní ìparí ọdún 2022 náà, ìtàn Fatima, ọmọ Ànábì, ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní kíláàsì. Ó wà nínú hadíìsì Bukhari àti ti Muslim pé ọlọ tó ń fi ọwọ́ yí ti ṣe ọwọ́ rẹ̀ léṣe, ó sì lọ tọrọ ìránṣẹ́ lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ wá kọ́ òun àti Ali ní àfọ̀mọ́, ọpẹ́ àti gbígbé Ọlọ́hun tóbi tí wọn yóò máa ṣe bí wọ́n bá fẹ́ sùn. Mo sọ fún àwọn ọmọ pé iṣẹ́ ọlọ kì í ṣe iṣẹ́ kékeré, ẹni tó bá gbà á kúrò lọ́wọ́ àwọn obìnrin ti ṣe oore. Inú mi dùn sí ara mi.

Ní ọjọ́ Sátidé ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, à ń lọ àgbàdo. Ọmọbìnrin mi kejì, ọmọ ọdún mọ́kànlá, bẹ̀rẹ̀ láti mú ajọ̀ tó bọ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì. Etí híjáàbù rẹ̀ kó sáàárín bẹ́líìtì àti púlì. Mo rí i. Ibi tí a ti ń pa ẹ́ńjìnnì wà ní ìhà kejì, mo ní láti yí ká kí n tó dé ibẹ̀, ìṣísẹ̀ mẹ́rin péré ni, ṣùgbọ́n mi ò tíì rìn tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Kí n tó dé ibẹ̀, bẹ́líìtì ti fò kúrò lórí púlì. Ó ti dẹ̀ láti ọjọ́ mẹ́ta, mo sì ti ń bínú sí i. Dídẹ̀ tó dẹ̀ ni Ọlọ́hun fi yọ ọmọ náà. Híjáàbù ya sí méjì, ojú ibi tó ti fún un lọ́rùn sì wà lára rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Ìyá rẹ̀ gbé e mọ́ra. Kò pariwo. Nígbà tó di alẹ́, ó bi mí pé, "Bàbá wọn, èló ni wẹ́dà ní kí ẹ mú wá?" Mo sọ iye rẹ̀ fún un. Kò sọ ohunkóhun mọ́, ó kàn yí ojú sí ibi tí pátákó wà. Owó tí mo fi kọ pátákó ju owó tí wẹ́dà bèèrè lọ. Èyí ni ohun tí ojú ń tì mí láti sọ.

N kò tan ẹ́ńjìnnì náà mọ́ títí wẹ́dà fi gbé àgò dé. Mo tún ní kí wọ́n fa ibi ìpa-ẹ́ńjìnnì wá sí ìhà tí ẹni tó ń lọ nǹkan máa ń dúró sí. Mo ṣòfin pé ọmọdé kò gbọ́dọ̀ wọ abẹ́ àtíbàbà bí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́, àti pé àgbàlagbà yóò di ìborùn àti gèlè rẹ̀ le.

Láti ìgbà náà, ojú mi ti là sí ohun mìíràn. Oúnjẹ ará ìlú ń gba ọwọ́ mi kọjá, àmánà sì ni. Àwọn onímọ̀ ní Ghana àti ní Nàìjíríà ti yẹ oúnjẹ tí a fi awo irin lọ̀ wò, wọ́n sì rí èérún irin nínú rẹ̀. Awo tuntun ni ó burú jù. Nítorí náà, bí mo bá pààrọ̀ awo, èérí àgbàdo ni mo kọ́kọ́ ń lọ̀, n ó sì dà á nù. N kì í jẹ́ kí ọlọ yí lófìfo kí awo máa ha ara wọn. Bí mo bá sì lọ ata ẹnì kan tán, omi díẹ̀ ni mo fi ń ṣan inú rẹ̀ kí tirẹ̀ lè jáde tán, nítorí pé ohun tó ṣẹ́kù sínú ọlọ kì í ṣe tèmi.

Ẹ̀yin tí ẹ bi mí léèrè, ìdáhùn mi rèé ní pípé. Ẹ mú ìwé, ẹ fà á sí méjì. Ẹ kọ ọlọ àti ẹ́ńjìnnì sí apá kan. Ẹ kọ ìpìlẹ̀, páìpù èéfín, púlì tó bá ìṣirò mu, irin òòfà, awo ìpààrọ̀ àti àgò bẹ́líìtì sí apá kejì. Nínú ìwé tèmi, apá kejì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó apá kìíní. Bí owó yín kò bá tíì ká apá méjèèjì, ẹ̀rọ kò tíì yá nìyẹn, ẹ ṣe sùúrù. Ẹ kọ àgò bẹ́líìtì sí ìlà àkọ́kọ́, kí ẹ sì kọ pátákó sí ìlà ìkẹyìn.

Ọmọ náà ti ń wọ inú Àlùkùránì lọ báyìí, àlàáfíà ló wà. Híjáàbù tó ya ni ìyá rẹ̀ fi ń nu ẹ̀rọ.

Kí Ọlọ́hun bá wa ṣọ́ àwọn ọmọ wa, kí ó sì fi àlùbáríkà sí iṣẹ́ ọwọ́ wa. Àmín.