Gèlè Ò Dùn Bíi Ká Mọ̀ Ọ́n Wé: Àgùnbánirọ̀ Kan ní Èrúwà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní gèlè ò dùn bíi ká mọ̀ ọ́n wé. Ká mọ̀ ọ́n wé kò sì dà bíi kó yẹni. Òwe yìí ti pẹ́ lẹ́nu àwọn Yorùbá débi pé ọ̀pọ̀ ẹni tó ń pa á kì í dúró rò ó mọ́. Ohun mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀: aṣọ fúnra rẹ̀, ìmọ̀ tí ọwọ́ fi ń lò ó, àti yíyẹ tí yóò yẹ ẹni tó lò ó. Owó lè ra èkíní. Èkejì kò sí lórí àtẹ, kíkọ́ ni. Ẹ̀kẹta kì í dé títí èkejì yóò fi dé. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó wá sin orílẹ̀-èdè ní Èrúwà fi ara rẹ̀ kọ́ ìtumọ̀ òwe náà, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọmọ Yorùbá.

Àgùnbánirọ̀ ni. Ní ọdún 1973, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé parí, ni ìjọba Yakubu Gowon dá ètò náà sílẹ̀, kí àwọn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé-ẹ̀kọ́ gíga lè lọ lo ọdún kan láàrin àwọn tí èdè àti àṣà wọn yàtọ̀ sí tiwọn. Ìpínlẹ̀ Ímò ni ọmọbìnrin yìí ti wá. Ó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní àgọ́ ìgbaradì ní Ìsẹ́yìn, ìlú tí òkìkí rẹ̀ kàn nídìí aṣọ òkè híhun, ṣùgbọ́n fèrè òwúrọ̀ àti eré sísá ní ìdájí kò jẹ́ kó ráyè yà sí ọ̀dọ̀ ahunṣọ kankan. Nígbà tí wọ́n pín wọn, ìwé tirẹ̀ gbé e lọ sí Èrúwà, olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ìbàràpá, ọ̀kan nínú ìlú méje tí à ń pè ní Ìbàràpá Méje, pẹ̀lú Ìgbò-Ọrà, Ìdèrè, Tápà, Ayétẹ́, Ìgàngán àti Lánlátẹ̀. Wọ́n ní kó máa kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan níbẹ̀.

Yàrá kan ni ó gbà nílé ìyá arúgbó kan tó ti fi ìgbà èwe rẹ̀ ta ẹ̀gúsí. Àwọn ọmọ ìyá náà ti tàn ká Ìbàdàn àti Èkó. "Kọ́pà" ni ìyá ń pe ayálégbé rẹ̀, bí gbogbo àdúgbò ti ń pè é. Òun náà ń pe ìyá ní Màmá. Yorùbá ẹnu Kọ́pà kò ju ìkíni àti iye owó ọjà lọ. Gẹ̀ẹ́sì Màmá kò tó ìyẹn. Síbẹ̀ wọ́n ń gbọ́ ara wọn yé, nítorí pé ọwọ́ ni wọ́n fi ń sọ èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ wọn.

Kò tíì pẹ́ tó dé tí olùkọ́ kan níbi iṣẹ́ rẹ̀ fẹ́ fi ọmọ fọ́kọ, tí wọ́n sì mú aṣọ ẹgbẹ́jọdá. Kọ́pà san owó tirẹ̀. Ẹ̀rù kò bà á, nítorí pé àwọn ìyá ní ilẹ̀ Ìgbò náà ń ró aṣọ, wọ́n tilẹ̀ ń ró méjì léra wọn. Ó ró tirẹ̀ bó ti rí i lára ìyá rẹ̀, ó fi píìnì méjì há a létí, ó sì ra auto-gèlè, ìyẹn gèlè tí wọ́n ti wé tí wọ́n sì ti rán mọ́ra, tí a kàn ń fi borí bí ẹni dé fìlà. Nígbà tí wọ́n dìde jó, píìnì kan já. Ìró bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́. Bó ti bẹ̀rẹ̀ láti dì í mú, gèlè yí padà, iwájú bọ́ sí ẹ̀yìn. Àwọn obìnrin tó wà nítòsí sáré yí i ká, wọ́n sì bò ó láṣìírí, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ gbọ́ ẹ̀rín. Ó wọlé lálẹ́ ọjọ́ náà, ó sọ aṣọ náà sí ìsàlẹ̀ àpótí, ó sì pinnu pé ṣòkòtò káàkì ni òun yóò máa wọ̀ títí òun yóò fi kúrò ní Èrúwà.

Ìròyìn kì í pẹ́ ní ìlú kékeré. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, Màmá kan ilẹ̀kùn.

"Kọ́pà, mú aṣọ yẹn wá."

"Màmá, ẹ má bínú. Mi ò wọ ìró mọ́."

"Ta ló ní kó o wọ ìró? Bùbá là ń wọ̀. Ìró, ríró là ń ró o. Gèlè, wíwé là ń wé e. Fìlà ni wọ́n ń dé. O pè é bó ò ṣe gbọdọ̀ pè é, ìyẹn ni kò ṣe gbọ́ tìẹ."

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn, ẹ̀kọ́ èdè sì ni. Èdè Yorùbá kò fi ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo bo gbogbo ohun tí a ń fi sára. Ọ̀nà tí ọwọ́ ń gbà lo nǹkan ni èdè náà fi ń pè é. A ń ro ìró nítorí pé yíyí ni a ń yí i mọ́ ìdí. A ń wé gèlè nítorí pé fífi ká orí ni. Àwọn ọkùnrin ń dé fìlà nítorí pé àtòkè ni ó ti ń bo orí. A ń sán bàǹtẹ́, a sì ń gba ọ̀já. Ẹni tó bá ní òun "wọ" gèlè ti fi hàn pé auto-gèlè ló wà lọ́kàn òun. Kọ́pà, tó jẹ́ olùkọ́ ìṣirò, kọ àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sínú ìwé bí ẹni kọ àgbékalẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni Màmá mú tòbí jáde, yẹ̀rì abẹ́ aṣọ tó ní okùn, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ kì í sábà ní mọ́. Ó ṣàlàyé pé bí ìró kò bá rí ohun tí yóò dì mú lábẹ́, píìnì ọgọ́rùn-ún kò ní gbà á là. Ó ní kí Kọ́pà na aṣọ sẹ́yìn, kó mú etí méjèèjì dọ́gba, kó fa ọ̀kan mọ́ ìbàdí dáadáa, kó da ìkejì lé e, kó ki etí rẹ̀ bọ inú, kó sì ṣẹ́ ẹnu òkè rẹ̀ wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ó dúró, inú rẹ̀ dùn.

"Ó yá, kúnlẹ̀ kí mi."

Ó kúnlẹ̀, ìró sì tú.

Wọ́n tún un ró. Lẹ́ẹ̀kejì, ó fún un jù, orúnkún kò lè tẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó kúnlẹ̀ ṣùgbọ́n kò lè dìde láìfi ọwọ́ dì í mú. Ìgbà yẹn ló tó yé e. Kì í ṣe òró gangan ni a ti ń dán ìró wò. Aṣọ ẹni tó máa ń kúnlẹ̀ ni, aṣọ ẹni tó ń jókòó sórí àpótí ìdáná, tó ń bẹ̀rẹ̀ gbálẹ̀, tó ń pọn ọmọ, tó sì ń gbé ẹrù karí. Bí ó bá fún jù, kò ní jẹ́ kó kí àgbà. Bí ó bá dẹ̀ jù, yóò dójú tì í lójú àgbà. Ẹni tí kò bá mọ ìkúnlẹ̀ kò tíì mọ ìró ró. Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń kúnlẹ̀ kí Màmá láràárọ̀, lákọ̀ọ́kọ́ nítorí aṣọ, nígbà tó yá nítorí Màmá.

Gèlè gba àkókò ju ìró lọ. Ẹtù ni Màmá fi kọ́ ọ, aṣọ òkè dúdú bí aró, èyí tó fi wé gèlè nígbà ìgbéyàwó tirẹ̀. Kò fún un ní dígí. "Ọwọ́ rẹ ni dígí rẹ," ló wí. Kọ́pà ṣẹ́ etí aṣọ náà po, ó fi àárín rẹ̀ lé iwájú orí, ó gbé ẹnu méjèèjì kọjá ara wọn lẹ́yìn, ó fà wọ́n padà síwájú, ó sì ń fi ìka ṣẹ́ ẹ ní ìpele-ìpele. Apá ro ó. Gèlè wọ́ sápá kan. Ó tú u, ó tún un wé. Ó gbà á ju oṣù kan lọ kí ọwọ́ rẹ̀ tó mọ̀ láìbéèrè.

Òwe mìíràn wà tó sọ pé aṣọ àyálò kì í yẹ ọmọ ènìyàn. Ẹnìkan lè fi òwe yìí kọ Kọ́pà lẹ́jọ́ pé kí ló kàn án. Ṣùgbọ́n aṣọ tí a yá yàtọ̀ sí aṣọ tí a kọ́. Susanne Wenger, ọmọ ilẹ̀ Austria tí wọ́n bí ní Graz ní ọdún 1915, dé Nàìjíríà ní ọdún 1950, ó sì di Àdùnní Olórìṣà ní Òṣogbo, níbi tó kú sí ní ọdún 2009. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n tó pe aṣọ Yorùbá ọrùn rẹ̀ ní àyálò. Bákan náà, kì í ṣe àjèjì nìkan ló ní láti kọ́ aṣọ wa. David Brown Vincent, oníwàásù Onítẹ̀bọmi, yí orúkọ rẹ̀ padà sí Mójọlá Agbébí ní ọdún 1894, ó sì pa aṣọ òyìnbó tì. Aṣọ ìbílẹ̀ ni ó ń wọ̀, kódà nígbà tó rìnrìn-àjò lọ sí òkè òkun. Olóyè Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, tó kàwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún 1919 sí 1922, padà sí ìró àti bùbá nígbà tí òun àti àwọn obìnrin ọjà Abẹ́òkúta ń bá ọ̀rọ̀ owó orí jà ní àwọn ọdún 1940. Ó mọ̀ pé ẹni tó bá múra yàtọ̀ sí àwọn tó fẹ́ dúró fún ti jìnnà sí wọn kó tó la ẹnu.

Ohun kan náà ń ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Jàpáàn pẹ̀lú kimono, orúkọ tí ìtumọ̀ rẹ̀ kò ju ohun wíwọ̀ lọ. Bí aṣọ òkè, aṣọ tóóró ni wọ́n ń tò pọ̀ láti fi ṣe é: ìbú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 36, gígùn rẹ̀ sì tó mítà 12. Apá òsì ni wọ́n ń dà lé ọ̀tún. Òkú nìkan ni wọ́n ń da ọ̀tún lé òsì fún. Ti obìnrin máa ń gùn ju bó ti yẹ kó dé ẹsẹ̀ lọ, nítorí náà wọ́n ń ṣẹ́ ẹ po ní ìbàdí, wọ́n sì ń fi obi, ọ̀já gígùn, dì í. Láyé àtijọ́, ìyá ló ń kọ́ ọmọ. Nígbà tí aṣọ òyìnbó gbòde lẹ́yìn ogun tó parí ní ọdún 1945, ọ̀pọ̀ ìyá kò kọ́ ọmọ mọ́, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kimono wíwọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó kọ́ ohun tí ìyá-ìyá ń kọ́ni lọ́fẹ̀ẹ́. Àwa náà ti bá wọn dé ibẹ̀. Gèlè wíwé ti di iṣẹ́ òòjọ́ ní Èkó, ó sì ti dé Houston ní Amẹ́ríkà, níbi tí ọkùnrin tí à ń pè ní Segun Gele ti fi gbajúmọ̀. Iṣẹ́ tó dára ni. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá ń sanwó fún kí wọ́n bá wa ṣe, a kì í sábà kọ́ ọ mọ́.

Èyí hàn gbangba nígbà tí ọjọ́ àṣà ìbílẹ̀ kò jìnnà mọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ tí Kọ́pà wà. Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọbìnrin tó fẹ́ jó ló mú auto-gèlè wá. Kọ́pà ní òun lè kọ́ wọn ní wíwé. Kẹ́kẹ́ pa. Ọ̀kan nínú wọn dìde:

"Ma, ẹ má bínú, ṣé ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ Ìgbò lẹ máa kọ́ wa ní gèlè?"

Ìbéèrè náà dùn ún, ṣùgbọ́n kò bínú. Ó dáhùn pé ìyá Èrúwà ló kọ́ òun, ó wá bi ọmọ náà bóyá ó ti sọ fún ìyá-ìyá tirẹ̀ rí pé kó kọ́ òun. Ọmọ náà kò dáhùn. Ní ọjọ́ Sátidé, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì ló wà lẹ́nu ọ̀nà Màmá pẹ̀lú gèlè lábẹ́ abíyá.

Ọjọ́ náà ni Kọ́pà tó mọ ohun tí kò fura sí láti ìgbà tó ti ń gbé inú ilé náà. Àwọn ọmọ náà bẹ Màmá kó wé ọ̀kan kí wọ́n rí i. Màmá gbé ọwọ́ sókè, ọwọ́ kò kọjá èjìká. Làkúrègbé ti mú oríkèé rẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti wé gèlè fún ara rẹ̀ gbẹ̀yìn. Ìborí kékeré ló ń so lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Gbogbo ohun tó kọ́ Kọ́pà, ẹnu àti ìka nawọ́ ló fi kọ́ ọ. Nínú gbogbo ọmọ àti ọmọ-ọmọ rẹ̀, kò sí ẹni tí ìmọ̀ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn kí ìsìn ọdún kan náà tó parí, Kọ́pà jí ní kùtùkùtù, ó mú ẹtù náà, ó sì lọ kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn Màmá. Ó ní kí Màmá jẹ́ kí òun wé gèlè fún wọn lónìí. Màmá jókòó sórí àpótí. Nígbà tó parí, Kọ́pà lọ mú dígí. Màmá kò wò ó. Ó gbé ọwọ́ tí kò fẹ́ gòkè náà díẹ̀díẹ̀, ó tẹ orí síwájú kí orí lè pàdé ọwọ́, ó fi ìka tọ ẹ̀yìn gèlè títí ó fi kan ìpele kan tó ṣẹ́ wọ́.

"Tú u," ló wí. "Tún un wé."

Kọ́pà tú u, ó tún un wé. Màmá tún fi ọwọ́ tọ ọ́ láti etí dé etí. Kò sọ nǹkan kan. Ó na ọwọ́ gba ìborùn rẹ̀, ó gbé e lé èjìká, ó sì ní kí Kọ́pà ṣílẹ̀kùn.