Láti Ọ̀rẹ̀ dé Agbabu, mo ń wá ẹni tó rántí

Ọ̀rẹ̀ ni mo ti gun ọ̀kadà lọ sí Agbabu, pẹ̀lú ìwé, bírò àti fóònù tó lè gba ohùn sílẹ̀. Àwọn àgbà tí ogun abẹ́lé Nàìjíríà ní 1967 ṣojú wọn ni mo ń wá kiri ní ìjọba ìbílẹ̀ Odígbó.

Ta ni kò tíì gbọ́ “Ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀”? Ọjọ́ 9 oṣù Kẹjọ ọdún náà ni àwọn ọmọ ogun Biafra sọdá Odò Ọya. Victor Banjo, ọmọ Yorùbá, ló ṣáájú wọn. Ọ̀rẹ̀ ni ìrìn wọn pin sí. Ìwé ìtàn sọ èyí. Ṣùgbọ́n ta ló gba àlejò sílé? Èló ni gààrí nígbà náà?

Irú ìbéèrè yẹn ni òpìtàn Júù kan, Emanuel Ringelblum, ń bi àwọn èèyàn rẹ̀ ní Warsaw, nílẹ̀ Poland. Ní oṣù Kọkànlá 1940, àwọn Násì sé àwọn Júù mọ́ inú odi, ebi àti àrùn sì ń pa wọ́n. Òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀, Oyneg Shabes, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ níkọ̀kọ̀. Wọ́n tọ́jú káàdì oúnjẹ, àròkọ ọmọ iléèwé, títí kan pépà tí wọ́n fi ń wé súìtì. Ní oṣù Kẹjọ 1942, nígbà tí àwọn Násì ń kó àwọn èèyàn lọ pa ní Treblinka, ẹgbẹ́ náà kó àwọn ìwé náà sínú àpótí irin 10, wọ́n sì rì wọ́n mọ́lẹ̀. Agolo wàrà 2 tẹ̀ lé e. Wọ́n hú ti àkọ́kọ́ jáde ní 1946, èkejì ní 1950. Ringelblum kò rí i: wọ́n ti pa á ní 1944. Mi ò fi Ọ̀rẹ̀ wé Warsaw o. Iṣẹ́ wọn ni mo fẹ́ ká kọ́.

Ní Agbabu, ọ̀dà ṣì ń ru jáde nínú kànga tí Nigerian Bitumen Corporation gbẹ́ kí 1914 tó dé. Ìwé àwọn onímọ̀ ilẹ̀ mọ kànga náà: NBC-7. Àmọ́ ta ló kọ orúkọ àwọn ará ibí tó ru ẹrù ilé iṣẹ́ náà gba inú igbó sílẹ̀?

Ìyá àgbà kan gbà mí lálejò.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ rántí nípa ogun?”

“Bàbá mi ò jẹ́ ká dáná lálẹ́ ní abà, ọmọ mi. Ẹ̀bà àárọ̀ la máa ń jẹ lálẹ́, ní tútù.”

Mo kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́. Kò sẹ́ni tó bi í rí.

Ẹni tó jẹ́ ọmọ ọdún 10 nígbà ìjà Ọ̀rẹ̀ ti ń lọ sí 70 báyìí. Ẹ̀yin ọmọ Odígbó, ẹ tan fóònù yín, ẹ jókòó ti àwọn òbí yín lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ béèrè orúkọ èèyàn, ẹ béèrè owó ọjà, ẹ kọ déètì sí i, kẹ́ ẹ sì kó ẹ̀dà kan lọ sí ilé àkójọ ìwé ìjọba àpapọ̀ ní Ìbàdàn.