Èyí Tí Inú Ń Run

"Gbogbo alángbá ni ó dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run." Nígbà tí Yorùbá bá fẹ́ sọ pé ìrísí ènìyàn kì í fi ohun tí ó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn hàn, òwe yìí ni wọ́n sábà máa ń pa. A ti pa á nípa ènìyàn títí ó fi dà bí ẹni pé kò kan alángbá mọ́. Síbẹ̀, ẹni tí ó kọ́kọ́ pa á ti ní láti jókòó ti ògiri, kí ó sì wo alángbá pẹ́.

Ìdí tí òwe náà fi jẹ́ òtítọ́ kò fara sin. Èyí tí ó bá ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ ni àwòdì ń kọ́kọ́ gbé. Nítorí náà, alángbá àti àwọn ìbátan rẹ̀, awọ́nríwọ́n, ọ̀gà àti ọmọ́ńlé, a máa fi àìsàn pamọ́ títí agbára wọn yóò fi tán. Ní ọjọ́ tí ẹni tí ń sìn ín bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wí pé ara rẹ̀ kò yá, àìsàn náà ti lè pé ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ti èyí tí ó kéré ni ó burú jù, nítorí kò ní ọ̀rá púpọ̀ ní ìdí ìrù tí ara yóò máa lò bí kò bá jẹun, omi ara rẹ̀ a sì tètè gbẹ.

Ní Bouaké, ní àárín gbùngbùn Côte d'Ivoire, níbi tí igbó gúúsù ti ń fi àyè sílẹ̀ fún ọ̀dàn, àwọn ọmọ Yorùbá wà tí òwò gbé débẹ̀. Anàgó ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè wọ́n. Ilẹ̀ Baulé ni ìlú náà, Júlà ni èdè ọjà, Faransé sì ni ti ilé-ìwé. Nígbà tí ọ̀tẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ 19 oṣù kẹsàn-án ọdún 2002, tí Bouaké sì di ibùjókòó àwọn ọlọ́tẹ̀ títí di ìgbà àdéhùn Ouagadougou ní ọdún 2007, ọ̀pọ̀ ìdílé túká. Ọmọ tí ó dàgbà ní irú ìlú bẹ́ẹ̀ lè mọ alángbá ní "margouillat" nínú kíláàsì, kí ó mọ̀ ọ́n ní "basa" ní ọjà, kí ó má sì gbọ́ òwe rẹ̀ rí.

Ká fi ojú inú wo irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, nígbà tí àwọn ọmọ awọ́nríwọ́n inú ọ̀dàn ti pa. Ó rí ọ̀kan, kò ju ìka ọwọ́ àgbàlagbà lọ, ó sì sọ ọ́ sínú páálí lábẹ́ tábìlì. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan ó bi ìyá àgbà rẹ̀ pé, "Ìyá àgbà, ẹ wò ó fún mi, ṣé ara rẹ̀ dá?" Ìyá àgbà dáhùn pé, "Ọmọ mi, gbogbo alángbá ni ó dakùn délẹ̀." Ọmọ náà tún tẹ̀ síwájú páálí ó sì ń wo ikùn ẹran náà, nítorí kò mọ̀ pé òwe ni.

Ṣùgbọ́n ibi tí ó yẹ kí ó wò gan-an ni ó ń wò. Alángbá dakùn délẹ̀ nígbà tí ó bá ń sinmi. Bí ara rẹ̀ bá dá tí ó sì ń rìn, a gbé ikùn kúrò nílẹ̀. Èyí tí ó ń wọ́ ikùn nílẹ̀ bí ó ti ń rìn, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ tàbí tí ó ń gbọ̀n, tí egungun àgbọ̀n rẹ̀ sì rọ̀, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé egungun rẹ̀ ni kò le. Kálíṣíọ̀mù ni kò tó. Ìrẹ̀ àti aáyán kò ní in púpọ̀. Ara kò sì lè lo ìwọ̀nba tí ó bá jẹ dáadáa láìsí fítámì D3, èyí tí awọ ń ṣe nígbà tí ìtànṣán oòrùn kan tí ojú wa kò rí bá bà á. Ìtànṣán náà kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ gba inú gíláàsì lásán kọjá, kò sì dé abẹ́ tábìlì.

Àmì kejì wà lójú àti nínú ìgbẹ́. Ojú tí ó jìn sínú àti awọ tí ó ká jọ ń sọ pé omi kò sí lára. Apá kan ìgbẹ́ rẹ̀ yẹ kí ó funfun bí ẹfun; bí ó bá pupa rúsúrúsú tí ó sì le, òùngbẹ ni. Nínú ọ̀dàn, inú ihò ìrẹ̀ ńláńlá ni ọmọ awọ́nríwọ́n sábà máa ń sá sí. Ìrẹ̀ ni oúnjẹ rẹ̀, ọ̀rinrin ihò náà sì ni ààbò rẹ̀. Páálí gbígbẹ ní àsìkò ọyẹ́ kò jọ ihò. Níbẹ̀ ni awọ tí ó yẹ kí ó bọ́ ti ń dì mọ́ ìka ẹsẹ̀ àti ṣóńṣó ìrù bí òrùka, títí ibẹ̀ yóò fi kú.

Ẹnu yíyà náà gba àkíyèsí. Bí oòrùn bá mú un, ó lè yanu, yóò sì pa á dé nígbà tí ó bá bọ́ sí ibòji. Èyí tí ó ń yanu nínú ibòji, tí ihò imú rẹ̀ ń yọ fóòmù, òtútù àyà lè ti mú un.

Ìtọ́jú kò gba owó púpọ̀ ní ìlú tí oòrùn kò wọ́n. Kí a gbé e síta ní òwúrọ̀ nínú àgò onírin, kí apá kan wà ní ibòji. Àpótí gíláàsì nínú oòrùn yóò sè é ni. Kí a se èèpo ẹyin, kí a gbẹ ẹ́, kí a lọ̀ ọ́ kúnná, kí a sì wọ́n ọn sára ìrẹ̀ kí a tó fún un. Kí a fún un ní erùpẹ̀ tútù tí ó jìn tó láti gbẹ́ ihò. Awọ tí kò bọ́, omi tí ó lọ́ wọ́ọ́wọ́ ni a fi ń rọ̀ ọ́. A kì í fà á. Kí a máa wọ̀n ọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, nítorí òṣùwọ̀n a máa rí ohun tí ojú kò rí. Oògùn ènìyàn àti ti màlúù kò yẹ fún un láìsí oníṣègùn ẹran: ivermectin tí ń pa aràn màlúù a máa pa ìjàpá. Kí ọmọ náà sì fọ ọwọ́ rẹ̀ nígbàkúùgbà tí ó bá fọwọ́ kàn án, nítorí ẹran afàyàfà tí ara rẹ̀ dá pàápàá lè gbé kòkòrò salmonella. Nítorí kòkòrò yìí ni Amẹ́ríkà ṣe fi òfin de títa ìjàpá omi kéékèèké ní ọdún 1975. Ṣùgbọ́n bí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ mú un tí ara rẹ̀ sì le, ìtọ́jú tí ó dára jù ni kí ó dá a padà sí ibi tí ó ti mú un.

Ọ̀rọ̀ yìí kọjá páálí kan ní Bouaké. Láti Gánà, Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ ni a ti ń kó irú awọ́nríwọ́n yìí lọ tà ní òkè òkun, lábẹ́ àdéhùn CITES. Nígbà tí Bosc fún un ní orúkọ ní ọdún 1792, ó pè é ní exanthematica, láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì fún ara tí ó sú, nítorí àbàwọ́n róbótó ara rẹ̀. Orúkọ àìsàn ni ó fún ẹran tí kò ṣàìsàn, nítorí pé awọ ni ó wò.

Olùkọ́ èdè tí ó ń kọ́ ọmọ Anàgó ní òwe yìí lè kọ́ ọ ní ìtumọ̀ rẹ̀ kí ó sì parí rẹ̀ síbẹ̀. Ó sì tún lè ní kí ó wo alángbá orí ògiri, kí ó sọ ohun tí ó rí ní Yorùbá: ó ń wọ́ ikùn, ojú rẹ̀ jìn, awọ rẹ̀ ká jọ. Òwe náà wí pé a kò mọ̀. Kò wí pé a kò lè mọ̀.