Afẹ́fẹ́ inú Rédíétọ̀

Ẹ̀yin òǹkàwé, bí ẹ bá gbọ́ rédíétọ̀ ní Ìbàdàn, ọ̀dọ̀ àwọn mẹkáníìkì ni ọkàn yín yóò lọ, nítorí òun ni ó ń tu ẹ́ńjìnnì mọ́tò lára. Ní ìlú àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀tọ̀ ni ti inú ilé. Irin pẹrẹsẹ ni, tí wọ́n kàn mọ́ ara ògiri. Omi gbígbóná láti inú bọ́ílà ni ó ń gba inú rẹ̀ kọjá tí yàrá fi ń móoru. N kò mọ èyí títí mo fi lọ lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, nínú oṣù kìíní ọdún.

Mo ṣàkíyèsí pé orí àga pálọ̀ ni Màmá ń sùn. Mo bi wọ́n léèrè. Wọ́n ní, “Àlàó, orúnkún ni kò jẹ́ kí n lè gun àtẹ̀gùn mọ́.” Mo gbà wọ́n gbọ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì wọ́n rán mi lọ mú aṣọ wá ní yàrá wọn lókè. Ha! Èémí mi ń rú bí èéfín. Mo fọwọ́ kan rédíétọ̀: ìsàlẹ̀ rẹ̀ gbóná, òkè rẹ̀ tutù bí omi àmù. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀ ni wọ́n tó jẹ́wọ́ pé ó ti kú láti ìgbà tí òtútù ti bẹ̀rẹ̀, àti pé díẹ̀díẹ̀ ni àwọn ń tọ́jú owó tí àwọn yóò fi ra òmíràn. “Má sọ fún ìyá rẹ o.”

Kò kú rárá. Aládùúgbò kan ni ó là mí lóye. Afẹ́fẹ́ fúyẹ́ ju omi lọ. Bí ó bá há sínú rédíétọ̀, òkè ni í lọ dúró sí, omi gbígbóná kò sì ní rí àyè dé ibẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì a máa pe ìtọ́jú rẹ̀ ní fífa ẹ̀jẹ̀. Èmi tí mo ń kọ́ nípa èdè kò fara mọ́ ọn. Ọmọ ọwọ́ tí ó mu ọmú yó ni ó jọ lójú tèmi: kí ó ṣáà gùfẹ̀ ni.

A pa bọ́ílà, a dúró kí omi tutù kí ó má baà jó wa. Aládùúgbò yá wa kọ́kọ́rọ́ kékeré kan tí kò tó ìka ọwọ́ mi, ó sì kìlọ̀ pé kí n má ṣá iná sí itòsí, nítorí haidirójìn tí ń gbiná a máa wà nínú irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo gbé abọ́ àti àkísà sí abẹ́ ihò tí ó wà ní igun òkè, mo yí kọ́kọ́rọ́ sí apá òsì díẹ̀. Ṣíììì! Màmá tí orúnkún kò jẹ́ kí wọ́n gòkè ti dúró lẹ́nu ọ̀nà lẹ́yìn mi: “Àlàó, má pa wá o!” Ó dún bẹ́ẹ̀ pẹ́. Nígbà tí omi dúdú bẹ̀rẹ̀ sí í ta jáde, mo yára dé e pa.

Ó kù díẹ̀ kí n gbàgbé bọ́ílà. Abẹ́rẹ́ ara rẹ̀ ti lọ sí ìsàlẹ̀ 1. Mo ní láti ṣí omi sí i títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé 1.5 kí ó tó gbà láti tàn.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, òkè ni Màmá sùn. Láti pálọ̀ ni mo ti ń gbọ́ bí wọ́n ti ń hanrun. Ní òwúrọ̀, n kò tíì dọ̀bálẹ̀ tán tí wọ́n fi bi mí pé, “O kò sọ fún ìyá rẹ, àbí?”

Mo ní n kò sọ.